Ìpanumọ́ Ìyá àti Ìdajì Ẹ̀jẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Shark Dialogues, Ìwé Ìtàn Àròsọ Kiana Davenport

1. Ìfáàrà

Ìwé ìtàn àròsọ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni Shark Dialogues, tí Kiana Davenport kọ, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Honolulu ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí. Ọmọ ìbílẹ̀ Hàwáì ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wá láti ìpínlẹ̀ Alabama. Ìran méje nínú ìdílé kan ṣoṣo ni ìwé náà tọ ipasẹ̀ wọn, láti ìgbà tí àwọn ọdẹ àbùùbùtán ń da ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí erékùṣù Hàwáì títí dé apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ìwé tí ó nípọn ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí bébà kan lè kó já. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a ó dì mú nínú rẹ̀, èyí ni ìpanumọ́ ìyá: bí obìnrin kan ṣe fi bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ náà, àti fún àwọn ọmọ tí àwọn ọmọ náà bí.

Ó rọrùn láti sọ pé ọgbọ́n asọ̀tàn ni ìpanumọ́ yìí, pé òǹkọ̀wé fi àṣírí pamọ́ kí òǹkàwé má baà gbé ìwé sílẹ̀ kí ó tó dé ìparí. A kò sẹ́ pé ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ kò tíì wọ inú ilé, ẹnu ọ̀nà ni ó ṣì wà. Èrò wa ni pé òfin ìlú ni ó bí ìpanumọ́ Pono, àti pé òfin mìíràn tún wà tí ó sọ ìpanumọ́ kan náà di ewu fún àwọn tí ó fẹ́ fi dáàbò bò. Bí a kò bá mọ òfin méjèèjì, a ó ka Pono sí òǹrorò ìyá lásán.

2. Ìtàn náà ní ṣókí

Atukọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń jẹ́ Mathys ni ó pàdé Kelonikoa, ọmọbìnrin ìjòyè Tàhítì kan, tí ó sá kúrò ní ilé bàbá rẹ̀. Láti ara àwọn méjèèjì yìí ni ìdílé náà ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó dúró bí òpó àárín ilé nínú ìwé náà ni Pono, arọ́mọdọ́mọ wọn: obìnrin gíga, aríran, oníṣègùn, ẹni tí ó ní oko kọfí ní erékùṣù Hawaiʻi, èyí tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo erékùṣù náà. Àwọn ará àdúgbò ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pàápàá ń bẹ̀rù rẹ̀, wọn kò sì lè ṣe kí wọ́n má padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Obìnrin mẹ́rin ni àwọn ọmọ-ọmọ yìí. Ará Filipínì ni bàbá Vanya, ará Ṣáínà ni ti Ming, ará Jàpáàn ni ti Rachel, òyìnbó aláwọ̀ funfun sì ni bàbá Jess. Vanya jẹ́ agbẹjọ́rò, ìjà ilẹ̀ sì gbà á lọ́kàn débi pé ó sún mọ́ ọ̀nà ìwà ipá. Jess ń tọ́jú ẹran ní New York. Àìsàn tí kò ní àwòtán ń jẹ Ming ní ara, Rachel sì wà ní ilé ọkọ tí ọrọ̀ rẹ̀ kò mọ́. Lójú ẹni tí kò mọ ìtàn Hàwáì, ó lè dà bí ẹni pé ńṣe ni òǹkọ̀wé kàn ṣa oríṣiríṣi bàbá jọ kí ìtàn lè dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olóko ìrèké ni wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ wọlé láti òkè òkun: àwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí dé ní ọdún 1852, àwọn ará Jàpáàn dé lọ́pọ̀ yanturu láti ọdún 1885, àwọn ará Filipínì sì tẹ̀lé e láti ọdún 1906. Nítorí náà, bí a bá to àwọn bàbá mẹ́rin yìí lẹ́sẹẹsẹ, ìtàn oko ìrèké ni a tò, pẹ̀lú ti ẹni tí ó ni oko náà.

Duke ni orúkọ ẹni tí Pono fẹ́ràn. Ẹ̀tẹ̀ mú un. Wọ́n sá pamọ́ sínú igbó, ọwọ́ ìjọba tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí Kalaupapa ní erékùṣù Molokaʻi. Láti ìgbà náà ni Pono ti ń lọ síbẹ̀ tí ó sì ń bọ̀, fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún, láìsọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ ni pé ìyá wọn a máa pòórá. Àwọn ọmọ-ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ń lọ.

A kò gbọdọ̀ fo orúkọ yìí dá, Pono. Ní èdè Hàwáì, pono ni ohun tí ó tọ́, tí ó wà ní déédéé, tí ó bá ìṣètò ayé mu. Òdodo wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbòòrò ju òdodo lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àkọlé àmì ìjọba Hàwáì títí di òní ni, láti ẹnu ọba Kamehameha kẹta ní ọdún 1843. Ẹni tí ó ń jẹ́ irú orúkọ yìí ni ó wá ń parọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́dọọdún. Òǹkọ̀wé kò tọ́ka sí i fún wa, ṣùgbọ́n a kò rò pé ó ṣèèṣì.

3. Àrùn tí ń tú ẹbí ká

Ní ọdún 1865, ní ìgbà ìjọba Kamehameha karùn-ún, òfin kan jáde pé kí a máa kó àwọn adẹ́tẹ̀ kúrò láàárín ìlú. Ní oṣù kìíní ọdún 1866 ni àwọn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Molokaʻi. Ibi tí wọ́n kó wọn sí jẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí òkun yí ká ní ìhà mẹ́ta, tí òkè gàgàrà sì dí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ògiri tí ènìyàn ìbá mọ tí ìbá ṣòro kọjá ju ìyẹn lọ. Nǹkan bí 8,000 ènìyàn ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ kí òfin náà tó dópin, àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Hàwáì. Gbogbo ayé mọ àlùfáà Damien, ará Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó dé ibẹ̀ ní ọdún 1873, tí ẹ̀tẹ̀ mú òun náà, tí ó kú ní ọdún 1889, tí ìjọ Páàdì sì sọ di ẹni mímọ́ ní ọdún 2009. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n Davenport yàn láti kọ̀wé nípa ẹni tí wọ́n gbé lọ, àti nípa ẹni tí ó kù sílé.

Àwọn ará Hàwáì ní orúkọ tí wọ́n ń pe àrùn náà, maʻi hoʻokaʻawale, èyí tí a lè túmọ̀ sí àìsàn ìyanisọ́tọ̀. Orúkọ náà kò mẹ́nu ba awọ ara tàbí ìka ọwọ́. Ohun tí àrùn náà ṣe sí ìdílé ni ó ń sọ. Ìjọba a máa gba ọmọ tí a bá bí ní Kalaupapa lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní kété tí ó bá dé ayé, kí àrùn má baà ràn án. Àwọn mìíràn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ yí orúkọ wọn padà, kí ìtìjú má baà bá àwọn ará ilé. Ní ọdún 1946 ni oògùn tí ó kápá ẹ̀tẹ̀ dé Kalaupapa. Ọdún 1969 ni òfin ìyàsọ́tọ̀ dópin. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ó wà láàárín méjèèjì, ní gbogbo ìgbà náà ni oògùn wà, tí òfin sì wà.

Bí a bá fi èyí ka Pono, a ó rí i pé ìpanumọ́ rẹ̀ ní ìdí. Obìnrin tí ó bá jẹ́wọ́ pé ọkọ òun wà ní Kalaupapa ti fi gbogbo ilé rẹ̀ hàn fún àwọn tí ń wá adẹ́tẹ̀ kiri. Ta ni yóò fẹ́ ọmọ rẹ̀? Ta ni yóò ra kọfí lọ́wọ́ rẹ̀? Ó panu mọ́ kí àwọn ọmọ lè rí ayé gbé. Àwọn ọmọ náà kò sì mọ̀ pé ààbò ni. Lójú tiwọn, ìyá tí kò fẹ́ràn wọn ni wọ́n ní. Wọ́n lọ, wọ́n fẹ́ ọkọ tí kò tẹ́ ìyá lọ́rùn, ìyá sì kọ̀ wọ́n sílẹ̀, kí ó tó wá máa kó àwọn ọmọ wọn jọ sí oko kọfí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹni tí ó fẹ́ fi ọmọ-ọmọ san gbèsè ọmọ.

Níhìn-ín ni a ti fẹ́ fi ẹ̀sùn kan òǹkọ̀wé. Ó fún Pono ní ohùn, ó fún àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ohùn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó wà láàárín, àwọn tí wọ́n jẹ ìyà ìpanumọ́ náà gan-an, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀. A ń gbọ́ nípa wọn ju bí a ti ń gbọ́ láti ẹnu wọn lọ. Ẹnì kan lè sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí, nítorí àwọn ni a kò bá sọ̀rọ̀. Èmi kò gbà. Ìwé tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá àti ọmọbìnrin, tí ó sì fo ọmọbìnrin dá lọ bá ọmọ-ọmọ, ti sá fún ìjíròrò tí ó le jù. Ọmọ-ọmọ lè dárí ji ìyá àgbà ní ìrọ̀rùn. Kì í ṣe òun ni ó jí lóru tí kò rí ìyá rẹ̀.

4. Ìdajì ẹ̀jẹ̀

Òfin kejì ni èyí tí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1921. Nígbà náà, ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí àwọn oníṣòwò òyìnbó, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà, ti lé Ọbabìnrin Liliʻuokalani kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1893. Amẹ́ríkà sì ti gba ilẹ̀ náà mọ́ra ní ọdún 1898. Ọmọba Jonah Kūhiō Kalanianaʻole, tí ó ń ṣojú Hàwáì ní Washington, rí i pé àwọn ènìyàn òun ń kú tán ní àwọn àdúgbò tóóró ìlú ńlá, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún wọn ní ilẹ̀. Wọ́n ya nǹkan bí 200,000 éékà sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá yẹ lè yá ilẹ̀ náà fún ọdún 99, ní dọ́là kan lọ́dún.

Ta wá ni ó yẹ? Ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n ni Kūhiō kọ́kọ́ fẹ́. Ìdajì ni òfin gbà níkẹyìn: ẹni tí ìdajì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó kéré tán, bá ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń gbé erékùṣù náà wá ṣáájú ọdún 1778, ọdún tí Captain Cook dé. Àwọn olóko ìrèké kò fẹ́ kí àwọn tí ó lè gba ilẹ̀ pọ̀. Ìṣirò náà sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn láti ìran dé ìran, nítorí bí àwọn ènìyàn bá ṣe ń fẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀ ni ìdajì ń di ìdá mẹ́rin, tí ìdá mẹ́rin ń di ìdá mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé òfin yìí lé ìdílé inú ìwé náà. Ìwé kò ṣe ìṣirò yìí fún wa. Àwa ni a ń ṣe é, ṣùgbọ́n gbogbo ohun èlò rẹ̀ ni ìwé fi sílẹ̀ fún wa. Mathys jẹ́ òyìnbó. Kelonikoa jẹ́ ará Tàhítì, lẹ́yìn ọdún 1778 dáadáa ni ó sì dé. Lójú òfin, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ Hàwáì kan kò sí lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Àwọn ará Hàwáì fúnra wọn sì ń sọ nínú ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn pé láti Kahiki, òkèèrè tí orúkọ rẹ̀ bá Tàhítì dọ́gba, ni àwọn baba ńlá wọn ti tukọ̀ wá. Ẹni tí ó tukọ̀ wá ṣáájú Cook di onílẹ̀; Kelonikoa tí ó gba ojú omi kan náà kọjá lẹ́yìn Cook di àjèjì. Ìwé náà fi í ṣe ìyá ńlá ìdílé, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún wo àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá kọ̀ọ̀kan wọn kì í ṣe ọmọ Hàwáì. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lè ní ìdajì, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé pérépéré, láìsí àbùlà kankan. Ṣùgbọ́n ìyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ Pono, Pono sì wá láti ara Mathys àti Kelonikoa. Nítorí náà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó lè tọrọ ilẹ̀ yìí ní orúkọ ara rẹ̀. Vanya tí ó ń ja ìjà ilẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ ja fún ohun tí òfin sọ pé kò tọ́ sí i.

Ibí yìí ni ìpanumọ́ Pono ti yí padà di ohun mìíràn. Ẹni tí yóò fi ìdá ẹ̀jẹ̀ hàn gbọ́dọ̀ mú ìwé wá: ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, orúkọ ìyá, orúkọ bàbá. Ọmọ tí a kò sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún ti pàdánù apá bàbá náà lórí tábìlì ìjọba. Òfin ẹ̀tẹ̀ ní kí Pono panu mọ́; òfin ilẹ̀ ní kí ó sọ̀rọ̀. Ìjọba tí ó gbé Duke lọ ni ìjọba tí ó wá ń béèrè pé níbo ni Duke wà.

Kí ìjọba tó dé pẹ̀lú ìwọ̀n yìí, moʻokūʻauhau ni àwọn ará Hàwáì fi ń mọ ara wọn, èyí ni ìtàn ìran tí a ń kà láti orí baba ńlá dé orí ọmọ. Kò sí ìdajì nínú rẹ̀. Ènìyàn wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n tún ní hānai. Mo gbìyànjú láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí ọmọ àgbàtọ́, ó sì sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Ìtọ́jú fún ìgbà díẹ̀ máa ń wà nínú àgbàtọ́ tiwa, hānai sì jẹ́ fífi ọmọ fún ẹlòmíràn pátápátá, ní gbangba, láìfi ẹni tí ó bí i pamọ́. Liliʻuokalani fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ hānai. Ní ọdún 1838 tí wọ́n bí i ni wọ́n ti gbé e fún Pākī àti Konia, ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì dàgbà pẹ̀lú Bernice Pauahi, ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ Kamehameha ti inú ìwé ìhágún rẹ̀ jáde. Ó mọ àwọn tí ó bí i, ó sì mọ àwọn tí ó tọ́ ọ. Bí a bá fi hānai wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Pono, ìyàtọ̀ náà ṣe kedere: àṣà gbà kí ọmọ ní ìyá méjì láìsí àṣírí, òfin sì sọ ọ́ di pé ọmọ kò ní bàbá rárá.

5. Èdè, àti ìwé mìíràn

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Davenport fi kọ̀wé, ṣùgbọ́n ó da ọ̀rọ̀ Hàwáì sí i, ó sì fi èdè àmúlùmálà àwọn òṣìṣẹ́ oko sí ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn mìíràn. Kò yani lẹ́nu. Òfin ọdún 1896 sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkọ́ni ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ọdún 1978 ni èdè Hàwáì tó di èdè ìjọba pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1984 sì ni ilé ẹ̀kọ́ Pūnana Leo àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Àwa tí a ń bá àwọn atẹ̀wé jà nítorí àmì ohùn yóò mọ ìdí tí àwọn onímọ̀ Hàwáì fi ń ta ku lórí àmì tiwọn: pau ni ohun tí ó parí, pāʻū ni yẹ̀rì obìnrin.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba Hula, ìwé Jasmin ʻIolani Hakes, ọmọ Hilo, tí ó jáde ní ọdún 2023, nítorí ó gba ibi tí Shark Dialogues kò dé kọjá. Ìran mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: Hulali, Laka àti Hiʻi. Laka kò sọ ẹni tí bàbá Hiʻi jẹ́. Hiʻi kò sì rí ìyá àgbà rẹ̀ sójú rí. Ìpanumọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n níhìn-ín ọ̀rọ̀ ìdá ẹ̀jẹ̀ wà lójú ọpọ́n, a kò nílò láti fi ìṣirò wá a jáde. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà gbà pé bí òun bá borí nínú ìdíje ijó hula ní Hilo, ìdílé yóò mọ òun ní ọmọ. Apá kan ìwé náà sì wà lẹ́nu “àwa”, ohùn gbogbo àdúgbò pọ̀, bí ẹni pé àwọn aládùúgbò jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń sọ ohun tí ìyá kọ̀ láti sọ. Ọ̀nà ìgbésọ̀tàn yìí wú wa lórí ju ti Davenport lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Pono jinlẹ̀ ju ẹ̀dá ìtàn kankan tí ó wà nínú Hula.

Ohun kan kù tí àwọn méjèèjì fi ń dámi láàmú. Ní ọdún 1897, nígbà tí Amẹ́ríkà ń gbèrò láti gba Hàwáì, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lọ láti erékùṣù dé erékùṣù láti kó orúkọ jọ sí ìwé ìfẹ̀hónúhàn. Ó ju 21,000 ènìyàn lọ tí wọ́n fọwọ́ sí i, nínú nǹkan bí 40,000 tí àpapọ̀ wọn jẹ́ nígbà náà. Àwọn obìnrin ní ẹgbẹ́ tiwọn, Hui Aloha ʻĀina o Nā Wāhine, wọ́n sì kó orúkọ tiwọn jọ lọ́tọ̀. Ìwé náà dé Washington, ó sì dùbúlẹ̀ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba níbẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Hàwáì kò mọ̀ pé ó wà, títí tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Noenoe Silva fi gbé e síta ní apá ìparí àwọn ọdún 1990. Shark Dialogues ti jáde ṣáájú ìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn ẹ̀dà ìwé náà ní Hàwáì, àwọn ènìyàn wá láti wá orúkọ àwọn ìyá ńlá wọn nínú rẹ̀, ìyá ńlá tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé pé òun fọwọ́ sí nǹkan kan. Wọ́n fi ìka tọ ojú ìwé náà lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ ní orúkọ, ọjọ́ orí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.